Ọkọ̀ Ojú Omi Oníyàrá, àti Bí A Ṣe ń Sùn Nínú Rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a ti parí ẹ̀kọ́ ní kíláàsì àgbà, bàbá kan tí ó jẹ́ apẹja tẹ́lẹ̀ rí na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, mo rí àwòrán kan nínú ìwé ìròyìn. Òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀ jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n ń mu tíì. Fèrèsé wà lára ọkọ̀ náà, kọ́tìnì sì wà lójú fèrèsé. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ títí mo fi kà á tán. Wọ́n ní inú ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló lé wọn kúrò nílé?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni bàbá náà bi wá, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn dáadáa. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé yìí.

Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó lé wọn kúrò nílé o. Wọ́n nílé, wọ́n sì tún ní ọkọ̀. Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, wọn a gbé oúnjẹ àti aṣọ ìbora, wọn a wọ inú ọkọ̀, wọn a máa lọ díẹ̀díẹ̀ lórí odò. Níbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí, ibẹ̀ ni wọn yóò so ọkọ̀ mọ́, tí wọn yóò sì sùn. Àwa fúnra wa sun oru mẹ́fà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ní ìhà kan tí wọ́n ń pè ní Norfolk, ní ìlà-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ kan ni ó ni ọkọ̀ náà. Nọ́ọ̀sì ni níbẹ̀. Àwa ni a kọ́ ọ ní A, B, D ní ọjọ́ kìíní. Ní oru mẹ́fà náà, òun ni tíṣà, àwa ni akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ó rí i níwájú pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò kọ́kọ́ gbọ́n.

Ẹ má rò pé sísùn nínú ọkọ̀ jẹ́ ohun àjèjì sí Yorùbá. Kí ọ̀nà mọ́tò tó pọ̀, orí ọ̀sà ni àwọn ìyá ọlọ́jà ń gbà lọ sí ọjà Èjìnrìn àti Ẹpẹ́. Bí ìrìn bá wọ òru, orí àpò ẹrù ni wọ́n ń sùn sí, tí awakọ̀ ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìrìn ajé ni tiwọn. Ti àwọn ará Norfolk, ìgbádùn ni. Ìgbádùn yìí kì í sì í wá ní ọjọ́ kìíní. Ó ní bí ó ṣe ń wá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Broads ni wọ́n ń pe àwọn omi náà. Odò bíi méje ni, pẹ̀lú adágún tó lé ní 60 tí wọ́n so mọ́ wọn. Bí a bá wọn gbogbo ibi tí ọkọ̀ lè gbà níbẹ̀, ó tó 200 kìlómítà. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko gíga sì wà létí omi lọ́tùn-ún lósì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí gbogbo ènìyàn gbà ni pé Ọlọ́run ló dá àwọn adágún náà bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí obìnrin onímọ̀ ewéko kan, Joyce Lambert, gún ilẹ̀ ibẹ̀ wò káàkiri ní àwọn ọdún 1950. Ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ adágún náà dúró ṣánṣán bí ẹ̀gbẹ́ kòtò tí a fi ọkọ́ gbẹ́. Kòtò ni lóòótọ́! Àwọn ará àtijọ́ ni wọ́n ń wa ilẹ̀ dúdú níbẹ̀, irú èyí tí koríko tó ti jẹrà dì, tí ó ń jó bí èédú. Wọ́n wà á fún nǹkan bí 200 ọdún. Nígbà tó yá, omi òkun ga sí i, omi sì bo gbogbo kòtò náà ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí àwọn tálákà ti ń wa ohun ìdáná ṣe di ibi ìgbafẹ́ lónìí.

Nísinsin yìí, ọkọ̀ náà ńkọ́? Kò ju ẹsẹ̀ bàtà 23 lọ ní gígùn, kò sì ju 8 lọ ní fífẹ̀. Ike líle ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Bí ẹ bá wọlé láti ẹ̀yìn, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn méjì. Ní ọwọ́ ọ̀tún ni ibi ìdáná wà: sítóòfù onígáàsì olójú méjì, àti bàsíà ìfọwọ́ kan tí kò ju igbá ìmùkọ lọ. Ní ọwọ́ òsì ni tábìlì wà láàárín àga gígùn méjì. Lálẹ́, a ó sọ tábìlì náà kalẹ̀ kí ó bá àga dọ́gba, a ó tẹ́ fóòmù lé e, ó di ibùsùn nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ń sùn. Ó fi ibùsùn iwájú sílẹ̀ fún wa. Ibùsùn iwájú fẹ̀ níbi orí, ó sì tín-ín-rín níbi ẹsẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni iwájú ọkọ̀ ṣe rí. Bí ẹni méjì bá sùn síbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn yóò máa jà.

Kò sí ibi tí ẹni tó ga lè nàró sí tán nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, a fi orí gbá òkè ìgbà mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta, ara ti kọ́ bí a ṣe ń tẹríba.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, ọmọ náà so ọkọ̀ mọ́ etí odò, a jẹun, ó pa iná, ó ní, "Ó dàárọ̀, ọ̀gá." Kò pẹ́ tí ó fi ń hanrun. Àwa kò lè sùn. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹ mọ bí ó ṣe ń rí bí ènìyàn bá sùn sí yàrá àlejò, tí kò mọ ohun tó ń dún lókè àjà? Ti omi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní etí wa, pà, pà, pà, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Nǹkan kan ń ké ní iwájú bí ilẹ̀kùn tí kò lépo. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan a dún vùùù lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, a sì dákẹ́. Ohùn ńlá kan ń ti inú koríko wá, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu akèrègbè. Ọkọ̀ náà ń mì. A di ibùsùn mú. A ń rò ó pé, "Àbí omi ti ń wọlé ni?" A na ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́, láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ọkọ̀ ti tutù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà wo ojú wa, ó mọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá kí n fi wọ́n hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó mú wa lọ síwájú ọkọ̀. Ohun tí ń ké bí ilẹ̀kùn, okùn ni. Nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá mì, okùn a fún mọ́ irin tí a so ó mọ́, a sì ké. Ohun tí ń dún vùùù lábẹ́ ilẹ̀, pọ́ǹpù kékeré ni. Bí omi òjò tàbí omi díẹ̀ bá kó jọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, pọ́ǹpù náà ń gbé e dà síta fúnra rẹ̀, kí ènìyàn má baà máa jí fi igbá gbọ́n omi. Ó ní bí ó bá ń dún lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóru, kí a sùn. Bí ó bá ń dún láìdákẹ́, kí a dìde. Ohùn akèrègbè nínú koríko, ẹyẹ ni. Akọ ẹyẹ kan tí ó jọ lékelèké, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti koríko gbígbẹ, ni ó ń pe abo rẹ̀ ní àsìkò yẹn. Bí ó ti rí bíńtín tó, a lè gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Omi tí ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, omi ni. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ọmọ náà ní, "Òun ni ẹ ó kọ́kọ́ gbàgbé."

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, bí nǹkan bá ti dún, a ó pe orúkọ rẹ̀ lábẹ́ ìbora. Okùn. Pọ́ǹpù. Ẹyẹ. Bí ẹ ti ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe ń tọ ariwo òru. A sùn díẹ̀.

Nípa okùn, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, nítorí ẹni tí kò mọ okùn so kò lè sùn nínú ọkọ̀. Òkun wà nítòsí Broads, ní ìlú Great Yarmouth. Nítorí náà, omi odò máa ń kún, ó sì máa ń fà, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan àti díẹ̀. Ní òkè odò, ìwọ̀nba ni. Ní ìsàlẹ̀ odò, ó lè ga ju ènìyàn tó jókòó lọ. Bí ẹ bá so ọkọ̀ pinpin nígbà tí omi kún, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi bá fà? Omi yóò lọ, okùn kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ bá a lọ. Ọkọ̀ yóò so rọ̀ bí ewúrẹ́ tí okùn fi kọ́ sórí ògiri. Yóò dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwo yóò fọ́, ènìyàn lè ṣubú láti orí ibùsùn. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún okùn níwájú àti lẹ́yìn, kí ọkọ̀ lè máa bá omi gòkè kí ó sì máa bá a sọ̀kalẹ̀. A ó fi bọ́ọ̀lù onírọ́bà gígùn kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ó má baà máa ha èbúté. Kí a tó sùn, a ó tún jáde lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà kò fi alẹ́ ọjọ́ kankan fo èyí.

Ní Great Yarmouth náà, omi máa ń sáré gan-an. Ọkọ̀ kékeré kì í gba ibẹ̀ nígbàkúùgbà. Wọ́n ń dúró de ìgbà tí omi bá ti fà tán, tí ó sinmi díẹ̀ kí ó tó yíjú padà. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n tẹ àkókò rẹ̀ sí fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá lè ka ìwé náà, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó lè kà á.

Ohun kíkà míràn tún wà tí ó wù wá púpọ̀. Afárá pọ̀ lórí àwọn odò náà, òmíràn sì rẹlẹ̀. Èyí tó wà ní Potter Heigham, òkúta àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ sì kéré débi pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò lè gbà á kọjá. Pátákó kan máa ń wà nínú omi níwájú irú afárá bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà tí omi bá dé ìdí rẹ̀ ni iye ẹsẹ̀ bàtà tó ṣẹ́ kù láàárín omi àti afárá. Bí omi bá ń ga, nọ́ńbà náà ń dín kù. Ẹni tó ni ọkọ̀ ti wọn gíga ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ti kọ ọ́ síwájú ibi tí ó ń jókòó sí láti wakọ̀. Yóò wo nọ́ńbà ti pátákó, yóò wo tirẹ̀. Bí ti pátákó kò bá fi dáadáa ju tirẹ̀ lọ, yóò yí padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. A rí ọkọ̀ kan tí wọ́n ti fá òkè rẹ̀ bí orí ìkókó.

Omi inú ọkọ̀ ńkọ́? Kì í ṣe omi odò là ń sọ, èyí tó ń ti ẹnu àwa fúnra wa jáde ni. Èémí tí ènìyàn ń mí síta ní omi nínú. Nínú yàrá kékeré tí òtútù mú, omi náà yóò lẹ̀ mọ́ fèrèsé àti òkè àjà, yóò sì máa kán lé ènìyàn lórí ní ìdájí. Abẹ́ fóòmù pàápàá yóò tutù, bí a kò bá ń gbé e dúró kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, yóò hu. Nítorí náà, iṣẹ́ àárọ̀ ni kí a fi àkísà nu gbogbo fèrèsé, kí a gbé fóòmù nàró, kí a ṣílẹ̀kùn.

Iná mànàmáná láti inú bátìrì ni. Méjì ni bátìrì náà, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, èkejì fún iná àti pọ́ǹpù, kí ẹni tó fi iná kàwé lóru má baà jí bá ẹ́ńjìnnì tí kò lè ṣáná. Omi mímu wà nínú táńkì. Ilé ìgbẹ́ jẹ́ àpótí tí a ń gbé lọ dà síbi tí ìjọba là sílẹ̀ fún un, kì í ṣe sínú odò. Nípa oúnjẹ, ọmọ wa ní gààrí àti ẹ̀pà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. A ò rí oúnjẹ tó bá ọkọ̀ mu tó gààrí. Kò bàjẹ́, kò fẹ́ iná, kò sì gbààyè.

Ọ̀rọ̀ iná yìí ni ó gbé wa dé ibi tí ìtìjú wa wà, a ó sì sọ ọ́ bí ó ṣe rí.

Ihò méjì wà nínú yàrá ọkọ̀ náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ìdérí lójú wọn. Afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé tọ̀sán tòru. Oṣù kẹrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe eré, òtútù lè mú débi pé yìnyín tín-ín-rín yóò wà lórí koríko láàárọ̀. Ẹ̀rọ tí ń mú yàrá gbóná wà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń pa á kí a tó sùn nítorí bátìrì. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ láti ihò méjèèjì wá bá wa lọ́rùn. A dìde jẹ́ẹ́jẹ́. A fi fìlà wa di ti òkè. A ká síkáàfù, a fi di ti ìsàlẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí agogo mẹ́ta òru lù nígbà tí òtútù tún jí wa. A wò ó pé, kí ló dé tí a kò lè tan sítóòfù díẹ̀, kí yàrá lè yá? A tan ojú méjèèjì. A rọra ṣe é, kí a má baà jí ọmọ ọlọ́mọ. Ibi tó sùn sí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ sí sítóòfù. Yàrá gbóná. Ó dùn mọ́ wa. A padà sórí ibùsùn.

Bí oorun ti ń gbé wa lọ ni agogo ìkìlọ̀ kékeré tó wà lára ògiri pariwo. Ariwo náà mú bí abẹ. Ọmọ náà fò dìde bí ológbò. Kò béèrè nǹkan kan. Ó pa sítóòfù, ó ta ilẹ̀kùn nù, ó gbá wa lọ́wọ́ mú, ó fà wá jáde sórí koríko pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ó ní, "Ẹ mí kanlẹ̀, ọ̀gá. Ṣé orí ń fọ́ yín? Ṣé òòyì ń kọ́ yín?" Orí ń fọ́ wa díẹ̀. Òtútù ni a rò pé ó fà á.

Ohun tí a ti ṣe nìyí. Iná kì í jó láìmu afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ tuntun kò bá wọlé tó, iná kò ní jó dáadáa mọ́, yóò sì máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, orúkọ rẹ̀ ni carbon monoxide. Afẹ́fẹ́ náà kò ní àwọ̀. Kò ní òórùn. Kì í ta ojú bí èéfín igi. Bí a bá fà á símú, yóò gba àyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Orí yóò máa fọ́ ni, òòyì yóò kọ́ ni, èébì yóò máa gbé ni, ara yóò rọ. Ẹni tó ń ṣe yóò rò pé ibà ni, yóò ní kí òun sùn díẹ̀. Bí ó bá sùn, ó lè má jí. Gáàsì ìdáná fúnra rẹ̀, wọ́n ti fi òórùn sí i kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà nínú ọkọ̀ yóò dà sílẹ̀ bí omi, yóò sì dúró nísàlẹ̀ ọkọ̀ bí ọbẹ̀ nínú ìkòkò, títí tí ẹnìkan yóò fi ṣáná. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń gbé sílíńdà gáàsì sínú àpótí tirẹ̀ tó ní ihò síta.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Gbogbo ohun tí ó ń dẹ́rù bà wá ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, okùn, pọ́ǹpù, ẹyẹ, kò sí èyí tó lè pa eṣinṣin nínú wọn. Ohun tí ó lè pa wá kò dún rárá. Àwa ni a sì fi ọwọ́ ara wa pè é wọlé.

Ní àárọ̀, ọmọ náà yọ fìlà wa kúrò nínú ihò, ó gbọ̀n ọ́n nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wa. Ìwé pélébé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ihò náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á." A kà á sókè bí ọmọ kíláàsì kìíní. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ihò náà. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dé. Ọdún púpọ̀ ni a fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, a ò sì kà á.

Láti 1997 ni ètò kan ti wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Boat Safety Scheme. Ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ayẹ̀wò yóò wọ inú ọkọ̀, yóò wo gáàsì, epo, wáyà àti ihò afẹ́fẹ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n ti fi kún un pé agogo tí ń gbọ́ òórùn afẹ́fẹ́ olóró náà gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ tí ènìyàn ń sùn sí. A sọ pé kò ní òórùn, ṣùgbọ́n agogo náà mọ̀ ọ́n. Bí kì í bá ṣe òfin yìí ni, bóyá ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ ìwé yìí fún yín.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ nìkan ni. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè. Òun ni ó ń jáde láti inú ìkòkò èédú tí a gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́, tí a sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni, ti yín tàbí ti aládùúgbò. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wá oògùn ibà. Ẹ jáde síta ná, kí ẹ sì gbé ẹni tí kò lè dìde jáde, kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn.

A fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ṣíṣubú sínú omi. Kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ ń sáré nìkan ni ènìyàn ń ṣubú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìgbà tí a ń gòkè tàbí tí a ń sọ̀ létí èbúté ni, pàápàá lóru, tí ìrì wà lórí ọkọ̀. Ọmọ wa kò jẹ́ kí a jáde láti tọ̀ lóru láìwọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Omi Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń já èémí gbà lẹ́nu ẹni. Ẹni tó bá ṣubú sí i kò gbọdọ̀ yára lúwẹ̀ẹ́. Kí ó dojú sókè, kí ó léfòó, kí ó dúró bí ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ títí èémí yóò fi padà. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá ibi tí yóò dì mú.

Bàbá apẹja wa tún béèrè pé, "Èló ni wọ́n ń tà á?" A ò ní dárúkọ owó, nítorí pé ó yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé yín pé owó rírà kọ́ ni owó. Ọdọọdún ni olówó ọkọ̀ ń san owó fún Broads Authority, ìyẹn àjọ tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀ láti máa tọ́jú omi náà. Yóò san owó ìsọkọ̀. Yóò san owó adójútòfò. Kí òtútù ńlá tó dé, yóò fa gbogbo omi kúrò nínú páìpù àti táńkì, yóò sì dáàbò bo ẹ́ńjìnnì, nítorí pé omi tó bá di yìnyín ń wú, ó sì ń fọ́ irin. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọn yóò gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀, wọn yóò ha ìdí rẹ̀, wọn yóò kùn ún. Ọmọ wa ní òun fi ọjọ́ ìsinmi mẹ́rin ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ kí òun tó fi ọ̀kan gbádùn rẹ̀. Inú rẹ̀ sì dùn bí ó ti ń sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọmọ tàbí àbúrò lọ́hùn-ún tí ó ń wò ó pé òun fẹ́ ra irú rẹ̀, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó kọ́kọ́ háyà ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti lé ní 100 ọdún tí wọ́n ti ń háyà ọkọ̀ ní Broads. Kí ó sun oru méje nínú rẹ̀, kí òjò pa á níbẹ̀. Nígbà náà ni kí ó tó mú owó jáde.

Ní òru tó kẹ́yìn, nǹkan jí wa ní ìdájí. Ó ń dún tọ́-tọ́-tọ́ ní ìdí ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ etí wa gan-an, bí ẹni fi ìka kan igbá. A kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. A dìde jókòó. A wo agogo ìkìlọ̀: iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú jẹ́ẹ́jẹ́. A fi ọwọ́ kan ihò òkè: afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé. A ṣí kọ́tìnì díẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rin ni, wọ́n ń ṣa ewé omi jẹ lára ọkọ̀. A fi fìlà bo etí, a yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó di agogo mẹ́jọ àárọ̀ kí a tó jí.